Ọṣẹ Inú Agolo Mílíìkì

Nínú ilé tí mo dàgbà sí ní Ọ̀yọ́, a kì í da nǹkan nù. Omi tí a bá fi ṣan ìrẹsì la fi ń fọ abọ́, omi ìfọṣọ la sì fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Èèpo ọsàn máa ń wà lórí páànù títí yóò fi gbẹ le bí awọ, òun la fi ń dáná, torí ó máa ń gbaná ju ìwé lọ. Bí ọṣẹ ìfọyín bá ti tán, màámi á fi réésà la ike rẹ̀ nínú, a ó sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì họ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Ọ̀rá tí wọ́n bá fi di búrẹ́dì tàbí gààrí fún wa, fífọ̀ la ń fọ̀ ọ́, a ó wá fi péègì há a sórí okùn láàárín aṣọ. Aládùúgbò wa kan máa ń béèrè lọ́wọ́ màámi bóyá àwọn ọ̀rá náà fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni.

Ṣùgbọ́n ọṣẹ ni tèmi. Bí ọṣẹ bá ti tín-ín-rín tí kò ṣeé dì mú mọ́, inú agolo mílíìkì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga la máa ń jù ú sí, ti ìwẹ̀ àti ti ìfọṣọ, pupa, funfun, aláwọ̀ ewé. Láàárọ̀ Sátidé, màámi á bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, èmi á fi ọmọ odó kékeré gún un, a ó wá jọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi di ọṣẹ kan ṣoṣo tí àwọ̀ rẹ̀ rí kàlákìnní. Kó tó le, màámi á ní kí n ti àtàǹpàkò mi bọ àárín rẹ̀, kí gbogbo ilé lè mọ ẹni tó ṣe é. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni màámi, kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè tiwa láàárín ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ Sátidé yẹn nìkan ni mo máa ń ní in fún ara mi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó o nígbà èwe mi, mo sì rò pé bó ṣe rí lára mi ló rí lára tirẹ̀ náà.

Nísinsìnyí mo ti ní ilé tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Under G, níbi tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yunifásítì, tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ìwé tó bá bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń kọ rìsíìtì. Àwọn ọmọ náà ní orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ti ilé gan-an ló ń dùn mí. Bí a ti ń ṣe ní Ọ̀yọ́ náà ni mo ń ṣe nílé tèmi, ìwà ahun ni ọkọ mi sì ń pè é. Ọmọbìnrin mi kì í jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kankan dé ẹ̀yìnkùlé wa nítorí ọ̀rá orí okùn, ó ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà rí. Gbogbo ìgbà tí ìjà bá dé, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ lọ wo màámi ní Ọ̀yọ́. Màámi ti fẹ̀yìn tì, àbúrò mi ọkùnrin tó ń bá a gbé ń ṣiṣẹ́ gidi, ìyà kankan kò jẹ wọ́n, síbẹ̀ agolo ọṣẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Nígbà kan mo fa ọkọ mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Ó rí ọ̀rá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn, ó rí èèpo ọsàn lórí páànù, kò sì rí nǹkan sọ mọ́. Bí a ṣe ń padà, inú mi dùn débi pé mo ra ẹran súyà fún un.

Oṣooṣù ni mo máa ń lọ. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, màámi á pè mí lórí fóònù, ohun kan náà ni yóò sì bi mí lẹ́yìn tí a bá kíra tán: "Ọjọ́ wo lò ń bọ̀?" Bí mo bá dá ọjọ́, yóò tún béèrè bóyá àárọ̀ ni àbí ọ̀sán. Mo máa ń fi èyí yangàn lójú ọkọ mi, torí ìyá tirẹ̀ kì í bi í ní irú ẹ̀. Mo máa ń ní kó wo bí ìyá ẹlòmíì ṣe ń retí ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì mi ló bàjẹ́. Mo lọ ra ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe n'Íbàdàn, bí mo sì ṣe ń padà, ó kàn wá sí mi lọ́kàn pé kí n sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kí n yà kí màámi. Mi ò pè. Ta ló ń pè kó tó wọ ilé ìyá rẹ̀? Mo ra ọsàn ní ọjà Akẹ̀sán, mo ṣa àwọn tí èèpo wọn nípọn, mo gun ọ̀kadà délé. Láti kékeré, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni mo gbà.

Kò sí nǹkan kan lórí okùn. Mo ní bóyá wọ́n ti ká a torí òjò ni. Mo wo orí páànù, kò sí èèpo ọsàn kankan. Ìyàwó àbúrò mi jókòó nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ abọ́, omi náà sì ń dà lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ike lábẹ́ rẹ̀. Odidi ọṣẹ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan kò tíì kúrò nínú ìwé. Garawa ìdọ̀tí wà lára ògiri, ó kún dẹ́nu, ọ̀rá búrẹ́dì, ìdí búrẹ́dì fúnra rẹ̀, èèpo ọsàn tútù, ike ọṣẹ ìfọyín tí ẹnikẹ́ni kò là. Mo mú ike náà, mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó náà gbójú sókè, ó rí mi. Ẹni tó máa ń fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ kí mi, kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀. Yàrá ìkẹ́rùsí ló sá lọ, ó sì gbé àpò ńlá kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù ìrìn àjò. Ó tú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi péègì há ọ̀rá sórí okùn lójú mi, àwọn ọ̀rá gbígbẹ tí wọ́n ti ká pọ̀ dáadáa bí aṣọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó wò mí, ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

Mo wo inú àpò náà. Èèpo ọsàn wà níbẹ̀, ti oṣù tó kọjá, èyí tí mo fọwọ́ ara mi bó. Agolo mílíìkì wà níbẹ̀. Ọṣẹ inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán, ojú àtàǹpàkò mi ṣì wà láàárín rẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo wá kẹ́yìn. Mo ti àtàǹpàkò bọ ibẹ̀, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Mo bi í bó ti pẹ́ tó. Ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn nígbà tí wọ́n gbé òun wọlé, ọmọ òun àkọ́kọ́ sì ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. Ó ní bí mo bá ti dá ọjọ́, Màmá á ní kí òun gbé ẹrù náà síta láàárọ̀, kí òun rẹ ọ̀rá sómi kó lè dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ọjọ́ wo lò ń bọ̀? Àárọ̀ ni àbí ọ̀sán? Gbogbo ọdún tí mo fi rò pé ìfẹ́ ni, wọ́n ń bi mí kí wọ́n lè ráyè tàn mí jẹ ni. Mo rántí ọkọ mi tó dúró ní ẹ̀yìnkùlé yẹn gan-an láìrí nǹkan sọ. Mo rántí ẹkún ọmọ mi. Ilé tí mo fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kò sí níbì kankan, inú àpò ló wà.

Màámi wà ní pálọ̀, ó ń wo tẹlifíṣàn, ó ń fi tíṣù nu ẹnu. Ó rí agolo lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé kí ló dé tó fi tàn mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n mumi. Mo ní mi ò mu. Ó wá yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún títí.

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rí," ló wí. "Bàbá yín ti kú, wọn kì í san owó tíṣà, kí ni ǹ bá ṣe? Bí mo bá ti rí agolo yẹn, ojú ló máa ń tì mí. Ìwọ nìkan lò ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀ kó o máa rẹ́rìn-ín."

Mo ní nígbà tí mo wá dàgbà ńkọ́? Ó ní òun fẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn ìgbéyàwó mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ padà wá kí òun, ìdí agolo ni mo kọjá sí kí n tó kí òun pàápàá, ẹnu òun kò sì gbà á mọ́.

Àwọn kan á ní ìfẹ́ nìyẹn náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára mi lọ́jọ́ náà, kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìyà tó jẹ ìyá mi ni mo pè ní ayọ̀, mo sì fi ń bá ọkọ àti ọmọ mi jà. Ó ń wò mí, kò dá mi dúró. Mo fi ọsàn sílẹ̀ lórí tábìlì, mo jáde.

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sọ nǹkan kan fún ọkọ mi. Mo bu omi ìrẹsì, mo fi fọ abọ́ bí mo ti ń ṣe, torí ọwọ́ mi kò mọ ọ̀nà mìíràn. Oṣù yẹn parí, mi ò lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e náà, mi ò lọ, màámi náà kò sì pè.

Ó wá pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kí mi, ó kí ọkọ mi, ó kí ọmọ mi, ó wá béèrè.

"Ọjọ́ wo lò ń bọ̀?"

Mo lè ní kó má ṣe wàhálà mọ́. Mo lè ní mi ò bọ̀.

"Sátidé ni, màámi," ni mo wí. "Lọ́sàn-án."

Nígbà tí mo dé, ọ̀rá ti kún orí okùn, omi ń kán lára wọn. Èèpo ọsàn tí mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn wà lórí páànù. Ìyàwó àbúrò mi kúnlẹ̀ kí mi, kò wo ojú mi. Màámi jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ti bu omi gbígbóná sínú agolo, ọṣẹ náà ti rọ̀, ojú àtàǹpàkò àtijọ́ sì ti parẹ́. Ó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó tì í, mo gún un, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ti àtàǹpàkò mi bọ àárín rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ojú mi ló ń wò, mo sì mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín fún un.