Àwọn Tẹ́nántì Tó Wà ní Fláàtì Bàbá Mi

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé oòrùn Dubai ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹ jẹ́ n tètè wí tèmi. Èmi kì í mutí. Ara mi le lọ́jọ́ náà, ọ̀sán gangan ni, ojú mi sì là kedere. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó má pè mí ní òpùrọ́ o, torí ìyà tó ti jẹ mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ti tó.

Iṣẹ́ kágò ni mò ń ṣe ní Deira. Àwọn oníṣòwò wa tó ń ti Èkó wá ra ọjà, èmi ni mò ń bá wọn di ẹrù. Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, ni mò ń sùn, ní Abu Shagara, nínú yàrá kan tí àwa obìnrin mẹ́fà jọ ń gbé. Bedspace ni wọ́n ń pè é níbí. Ibùsùn òkè ni tèmi, aṣọ ìkélé ni ògiri mi, tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá sì yíra padà, èmi náà á jí.

Bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́ o, a ní ilé ní Dubai! Ilé tiwa, tí ẹnikẹ́ni ò bá wa pín. Nígbà tí ọjà ń tà wàrà-wàrà ni bàbá mi ra fláàtì kan sí Al Barsha. Kó tó kú, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Dubai nínú àwọn ọmọ òun ni kó kó wọbẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń ṣiṣẹ́ ní Dubai. Àmọ́ tẹ́nántì wà nínú ẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọmọ mi, Tèmi. Ọ̀dọ̀ màámi ló wà ní Ṣàgámù. Ẹni tó ń gbé bedspace ò lè mú ọmọ wá síbí, àfi kó nílé. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, ohun kan náà ló máa ń béèrè: ṣé àwọn èèyàn yẹn ti jáde? Màá ní, ‘Ó kù díẹ̀, ìyá mi.’ Ó ti ń dàgbà níbẹ̀. Eyín iwájú ẹ̀ yọ, òmíràn hù, orí fóònù ni mo ti rí i.

Bọ̀dá Délé, àkọ́bí wa tó wà l’Ékòó, ló ń bójú tó fláàtì náà. Òfin ibí ni pé tí onílé bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fún tẹ́nántì ní nótíìsì, kó sì dúró fún ọdún kan gbáko. A dúró. Ọdún pé, Bọ̀dá Délé ní àwọn Filipino tó wà níbẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, pé aboyún wà láàárín wọn. A tún dúró. Ó tún ní ọ̀rọ̀ ti di ti kóòtù. A tún dúró.

‘Àbúrò, má débẹ̀ o,’ ló máa ń wí. ‘Tí o bá lọ yọ wọ́n lẹ́nu, ọlọ́pàá á mú ẹ.’

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló rán mi níwèé nígbà tí ọwọ́ bàbá wa ò tíì tẹ nǹkan. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ó wá di ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀gá mi rán mi lọ bá oníbàárà wa kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Al Barsha, kí n lọ gba bàtà tó fẹ́ kí wọ́n bá òun wá irú ẹ̀. Mo jíṣẹ́ tán, mo wá rántí pé ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. Mo ní kí n kàn lọ wo ìta ẹ̀. Kí n wo wíńdò lásán, kí n lè sọ fún Tèmi pé mo rí i.

Ọmọ Pakistan tó ń ṣọ́ ilé náà bi mí pé fláàtì wo. Mo sọ nọ́ńbà ẹ̀ fún un. Ó tẹjú mọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

‘Baba Nigeria!’ ló wí. ‘Same face! Yalla, go, go.’ Ó ní kí n tètè máa gòkè lọ.

Nàìjíríà kẹ̀? Ṣebí Filipino ni wọ́n? Mo ní áà, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bọ̀dá Délé ti fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ sínú ilé, ó ń fi èmi ṣe yẹ̀yẹ́! Ìjà ni mo bá gòkè, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ti ń to èébú sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó ń gbé mi lọ sókè.

Mo kanlẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ nínú ilé, ó tún wú u lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́.

‘Àbẹ̀kẹ́,’ lohùn náà wí, ‘wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.’

Àbẹ̀kẹ́ loríkì mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí, ọwọ́ mi tí ẹ ń wò yìí ni mo sì fi bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí, ní ẹ̀yìnkùlé ilé ẹ̀ ní Ṣàgámù.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ṣí i, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ó na ara kọ́wọ́ ẹ̀ tó tó ọwọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ẹ̀, ọkùnrin kan jókòó nídìí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ ẹ̀pà. Àpá ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti jó o wà ní apá òsì ẹ̀. Ó yíjú padà.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àkúdàáyà. Ẹni tó kú níbì kan, tó wá lọ ń gbé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó lè ṣòwò, ó lè fẹ́yàwó, ó lè bímọ. (Ẹ má bi mí bó ṣe rí Emirates ID gbà, èmi gan-an ò mọ̀.) Àwọn àgbà kọ́ wa pé tí o bá pàdé ẹ̀, gbójú kúrò, ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, máa bá tìẹ lọ. O ò gbọdọ̀ kí i. Ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ bá kí i, ọjọ́ náà ló máa kúrò níbẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, ẹ sọ fún mi, ta ló ń dúró ronú kó tó kí bàbá ẹ̀? Eékún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé ó ti kú.

‘Ẹ káàsán, bàbá mi,’ ni mo wí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti dìde. Inú ò bí i. Ṣe ló rẹ̀ ẹ́, bíi ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ọmọ náà má bàa gbọ́.

‘Ṣé Délé ò sọ fún ẹ ni?’

Ó yí padà, ó wọ yàrá lọ. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀.

Obìnrin kan jáde láti kíṣìnnì, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ. Ọmọ Uganda ni. ‘Ẹ káàbọ̀, mà,’ ló wí fún mi, ní Yorùbá, bí bàbá mi ṣe kọ́ ọ. Ó béèrè ọkọ ẹ̀. Mo nawọ́ sí yàrá. A jọ wọlé. Kò séèyàn. Wíńdò ilé gíga yẹn kì í ṣí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá náà sì ní. Ó wo inú wọ́dúróòbù, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pe fóònù ẹ̀, wọ́n ní kò sí nọ́ńbà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ń tẹ̀ lé wa káàkiri, ó ń pe ‘Bàbá, Bàbá,’ ó rò pé eré bojúbojú ni.

Obìnrin náà bi mí pé ta ni mí. Mo ní mo mọ ọkọ ẹ̀ nígbà kan. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní ọkọ òun sọ fún òun pé òun ò lẹ́nì kankan, pé ìyàwó òun àti gbogbo ọmọ òun ti kú tán.

Ẹ gbọ́ ná! Òkú ló ń sọ pé àwa la kú! Màámi ṣì ń sùn sí ìdajì bẹ́ẹ̀dì di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sùn sí ìdajì kejì. Ọkọ ẹ̀ wà ní Dubai, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó tún wá gbé oríkì mi, tó fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún, ó fi sọ ọmọ ẹlòmíì. Ó dùn mí ju ọjọ́ tó kú lọ, mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́ tó kú, ikú ló gbé e lọ. Èyí, òun fúnra ẹ̀ ló fi wá sílẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pe Bọ̀dá Délé. Mo ní mo ti débẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni: ‘O kí i?’

‘Mo kí i, sà.’

‘Yéè! O ti lé e lọ.’ Ẹ̀gbọ́n mi, géńdé ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí fóònù. Ó ní nígbà tí òun wá sí Dubai láti fún wọn ní nótíìsì, bàbá ló ṣílẹ̀kùn fún òun, tó fìka lé ètè. Òun ò kí i, òun kàn yíjú, òun bá ẹsẹ̀ òun sọ̀rọ̀. Kò sí Filipino kankan, kò sí kóòtù. ‘Ara ẹ̀ yá, Àbúrò. Mi ò fẹ́ kó tún kú lẹ́ẹ̀kejì.’

Mo ní, ‘Tèmi ń kọ́?’

Ó ti wò ó, ó ti mú òkú, ó fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹni a fẹ̀yìn tì tó bá yẹ̀, ilẹ̀ lèèyàn ń bá ara ẹ̀. Àwọn méjì ni èmi fẹ̀yìn tì, àwọn méjèèjì yẹ̀.

Ní báyìí, Bọ̀dá Délé ní kí n kó wọlé, pé kò sí tẹ́nántì mọ́, pé ẹni tó forúkọ gba ilé ti lọ. Ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀. Èmi ni mo máa sọ fún obìnrin yẹn pé kó gbé ọmọ ẹ̀, àbúrò mi, jáde, kí ọmọ tèmi lè wọlé. Obìnrin náà gba nọ́ńbà mi lọ́jọ́ náà, ó ń pè mí ní ìrọ̀lẹ́ pé ṣé mo ti gbúròó ọkọ òun. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un. Bí mo ṣe ń wí yìí, Abu Shagara ni mo ṣì wà, lórí ibùsùn òkè.

Ẹ̀yin obìnrin tó wà lókèèrè, ẹ fetí sí mi. Bí ọkùnrin bá wá bá yín, tó ní gbogbo ẹbí òun ti kú tán, ẹ má kàn káàánú ẹ̀. Ẹ wádìí ẹ̀ délé bí àwọn ìyá wa ṣe ń wádìí ọkọ. Bàbá mi ti kúrò lọ́dọ̀ wa níbí, ó dájú pé ó ti ń wá ilé gbà ní ìlú míì. Bí ìwádìí yín bá sì já sí Ṣàgámù, tó kan ilé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ránṣẹ́ pè mí. Mi ò tún ní kúnlẹ̀ fún un mọ́.