Títílayọ̀ Kúnlẹ̀, A Wá A Tì

Ọjọ́ Sátidé kan ni Títílayọ̀ pòórá mọ́ wa lójú. Àwa mọ́kànlélógún la wà nínú kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà, kálukú nílé tirẹ̀, èmi nínú pálọ̀ mi ní Gwarinpa. Fóònù ló kó wa jọ. Mo ti pe ọ̀gá mi àtijọ́ ní mínísìtírì, Bàbá Adéoyè, pé kó wá bá wa ṣe bí ọ̀gá tó fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́. Bàbá yọjú, mo ní, "Títílayọ̀, ìwọ ni kó o bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀gá." Ọmọ náà ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ló bá di àwátì. Ògiri la rí, àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Bàbá Adéoyè na ọrùn síwájú. "Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbé e lọ ni?"

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Rárá, sà. Mo wà ńbí, sà. Mo kúnlẹ̀ ni."

Háà, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn! Kò sẹ́ni tí kò rẹ́rìn-ín. Èmi àgbà tó yẹ kí n pa wọ́n lẹ́nu mọ́, èmi gan-an ni mo rín jù, mo tún wá fi ọ̀rọ̀ kún un: "Ta ló kọ́ ọ pé kó o kúnlẹ̀ fún fóònù? Ṣé bó o ṣe fẹ́ rí iṣẹ́ nìyẹn?" Ó pa fóònù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kí n tó débi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bàálé mi ní, "Ìyá Kẹ́mi, o ti kọ́ gbogbo mínísìtírì bí wọ́n ṣe ń ṣèpàdé, o wá fẹ́ máa kọ́ èmi bí mo ṣe máa jẹun nínú ilé mi?" Mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo bá kó àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa jọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ti kàwé tán àmọ́ tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, tàbí bí èèyàn ṣe ń sọ pé "èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà" kí ọ̀gá tó rí i fúnra rẹ̀. Èmi náà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti pa ohùn ara mi láìmọ̀, mo sì kọ́ wọn títí. Wọ́n ń juwọ́ sí mi, mo rò pé wọ́n ń kí mi ni, èmi náà ń juwọ́ padà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Títílayọ̀. Ará Kàbà làwọn òbí rẹ̀, Bwari ni wọ́n ń gbé, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ tíṣà. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dára lágbègbè wọn, á gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wọn lọ ṣe kíláàsì, tòun ti agbòòrùn. Kò pa kíláàsì jẹ rí. Ìgbà mẹ́ta ló ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọn ò gbà á, ibì kan tiẹ̀ sọ pé kì í wo èèyàn lójú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ń bọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, lórí fóònù: ilé iṣẹ́ kan tó ń ta iná sólà ń wá ẹni tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bàbá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí eléyìí ò bá bọ́ sí i, kó padà sí Kàbà lọ bá àǹtí rẹ̀ ta epo. Ọmọ náà ò fẹ́ lọ. Iṣẹ́ yìí ló fẹ́.

Ẹ wá wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣẹ̀sín. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè é, ìyá rẹ̀ ló gbé e. "Ó ní òun ò ṣe kíláàsì mọ́, mà." Mo ní kó gbé fóònù fún un.

"Títí, mo ṣe àṣìṣe. Ẹ̀rín yẹn ò yẹ mí. Má bínú."

"Ẹ má bẹ̀ mí, Mọ́mì." Omi wà lójú rẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Tí mo bá ti rí àgbà, orúnkún mi á ti kanlẹ̀. Tí mo bá sì fipá jókòó, ọ̀rọ̀ ò ní wá sí mi lẹ́nu mọ́."

Mo ní kó wá ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà nílé mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa dára. A fi fóònù ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́. Mo ní, "Gbàgbé ìkúnlẹ̀. Kí wọn, wojú kámẹ́rà, dáhùn." Ó ń ṣe é bí mo ṣe wí, àmọ́ ó gan pa bíi sójà. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, aago méje ò tíì lù tó fi dé láti Bwari, ó gbé búláòsì tó ti lọ̀ sínú ọ̀rá. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀ níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí mi. Èèyàn mẹ́ta ló yọjú: bàbá kan tó ti hewú, obìnrin kan tó wọ híjáàbù, àti ọ̀dọ́kùnrin kan. Bàbá yẹn kí i. Mo rí i tí orúnkún Títí fẹ́ kanlẹ̀. Ó di àga mú. Ó wá fi òyìnbó sọ ọ́ jẹ́jẹ́:

"Sà, mà, nílé tiwa, ọmọ kì í jókòó kí àgbà. Àmọ́ bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, ògiri nìkan lẹ máa rí. Mo jókòó kẹ́ ẹ lè rí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á sí pé mo ti kúnlẹ̀."

Yéè! Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí nínú ohun tí a jọ dánra wò. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi, mo ní ó ti parí, Kàbà yá.

Obìnrin oníhíjáàbù yẹn pàtẹ́wọ́, ó yìn ín lédè tirẹ̀. "Kai! Yauwa!" Ó ní bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọmọ òun ṣe ń kí òun nílé. Bàbá náà rẹ́rìn-ín músẹ́: "A ti gbà á, ọmọ mi. Jókòó dáadáa."

Láti ibẹ̀ ni okùn ọ̀rọ̀ ti tú. Wọ́n bi í pé kí ni yóò ṣe bí oníbàárà bá ń bú u torí pé iná rẹ̀ ò tàn. Títí wo ojú kámẹ́rà gan-an. "Màá jẹ́ kó bú mi tán. Ẹni tó wà nínú òkùnkùn, òkùnkùn ló ń bú, kì í ṣe èmi. Lẹ́yìn náà màá sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe àti aago tí màá pè é padà, màá sì pè é ní aago yẹn, bí wọn ò tiẹ̀ tíì tún un ṣe." Ìpèpadà yẹn, èmi ni mo kọ́ ọ. Ti òkùnkùn yẹn, ti ara rẹ̀ ni. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síwájú kámẹ́rà lọ dì mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Títí pè mí, igbe ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́: wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Bàbá rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba fóònù. "Mà, ẹ ṣeun. Mo ti ní kí ìyá rẹ̀ tú ẹrù rẹ̀ tí a ti dì fún Kàbà."

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ni pé kí wọ́n fi àṣà ilé sílẹ̀ sílé bí wọ́n bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gbé e dání, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn tó bá níbẹ̀. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ìkíni Títí yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Àwọn ọmọ tuntun máa ń bi mí pé inú ìwé wo ni mo ti rí i. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọ̀gá mi kan ní Bwari ló kọ́ mi.