Iṣan Àyà Tíṣà Wa

Bí mo bá ti gbọ́ ìró odó, tíṣà bàọ́lọ́jì wa ní ìlú Ìpele ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ilé-ìwé wa kò ní àwòrán ara èèyàn, nítorí náà á tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á sì mú kí iṣan àyà rẹ̀ máa fò sókè fò sílẹ̀ níwájú wa.

"Láti eegun abẹ́ ọrùn àti àárín àyà ló ti wá. Ara eegun apá ló parí sí."

Bó bá rí obìnrin tó ń gúnyán, á dúró. "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ iṣan àyà yín ló ń gún un o." Ìyá kan ní kí iṣan náà wá fọ odó.

Nínú ìdánwò, ó béèrè iṣẹ́ iṣan ọ̀hún. Mo kọ ọ́ pé ó ń jẹ́ kí ọkùnrin rẹwà. Òdo ni mo gbà.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí i nílé rẹ̀ ní Ìsùadà. Ọmọ rẹ̀ ní bàbá kì í dá èèyàn mọ̀ mọ́. Bàbá wò mí títí, ó wá tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

Mo ti gbàgbé. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fà mí mọ́ àyà rẹ̀ pinpin.

"Iṣẹ́ ẹ̀ nìyí," ó sọ ọ́ sí mi létí. "Òdo yẹn ṣì ni tìẹ."