Ọjọ́ Tí Ọmọ Ọmọ Mi Gbé Ìtàn Sórí Òṣùwọ̀n

Kílófàá ni gbogbo ilé ń pe ọmọ ọmọ mi obìnrin yìí, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní béèrè ohun tó fà á. Bí bàbá rẹ̀ bá bínú, kí ló fà á? Bí inú rẹ̀ bá tún yọ́, kí ló fà á? Ẹnu yẹn náà ló gbé e dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá àti ìdí tí èèyàn fi ń hu ìwà tó ń hù. Láàárọ̀, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn eyín, á máa gba àwọn aláìsàn wọlé. Lọ́sàn-án, á di akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀rù eyín yíyọ máa ń ba àwọn ọmọdé níbẹ̀. Wọ́n á di ẹsẹ̀ àga mú, wọ́n á bu dókítà lọ́wọ́ jẹ. Kílófàá bá tún yàrá kékeré kan ṣe, ó tẹ́ ẹní, ó ya ẹja sára ògiri, ó ní kí n wá máa sọ ìtàn fún àwọn tó ń dúró. Inú mi dùn ṣìnkìn. Ta ló tún ń wá ìtàn arúgbó lóde òní?

Àmọ́ dókítà, obìnrin kan tó ga bí òpó, fẹ́ gbé àga ìyọyín kejì sínú yàrá náà.

"Ṣé ìtàn yẹn ń ṣiṣẹ́?" ló bi Kílófàá. "Bó bá ń ṣiṣẹ́, tìẹ ni yàrá. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àga mi ń bọ̀."

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Ojú mi ni mo fi ń rí i."

"Ojú tó fẹ́ràn nǹkan kì í rí àbùkù rẹ̀. Dán an wò kí n rí i."

Olùkọ́ rẹ̀, bàbá kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dán irú ẹ̀ wò. Ẹ gbọ́ ọ, torí ó dùn mọ́ mi ju àlọ́ lọ. Kílófàá kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lè mú ọmọ rẹ̀ kúrò nígbàkigbà. Lẹ́yìn náà, á ju owó ẹyọ sókè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi orí hàn, ọmọ á gbọ́ ìtàn. Bó bá fi ẹ̀yìn hàn, ọ̀dọ̀ mi náà ló máa jókòó sí, àmọ́ ohun ìṣeré ni á fi máa ṣeré.

"O ò ṣe jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi yan àwọn tó máa gbọ́ ìtàn?" ni mo bi Kílófàá.

"Màmá, àwọn tí ẹ̀rù kì í bà lẹ máa kó jọ."

Irọ́ kọ́. Ojú mi ti wà lára ọmọ kan tó ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì tó wà nínú lọ́hùn-ún ló ń ṣọ́ bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọmọ tó. Wọn ò sọ ẹni tó gbọ́ ìtàn fún un.

"Ẹ má ṣẹ́jú sí nọ́ọ̀sì o, Màmá."

"Ta ló fẹ́ ṣẹ́jú?"

"Ẹ̀yin ni."

Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, àwọn tó gbọ́ ìtàn lẹ̀rù bà jù. Ìtàn tèmi! Mo ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà, ibi tó wà náà ló wà. Kílófàá jókòó sórí ẹní, ó ti ń fojú inú rí àga dókítà láàárín yàrá.

Olùkọ́ ní kó má tíì sunkún. "Ìṣirò ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sọ ìdí. Lọ bi àwọn ọmọ fúnra wọn."

Ó lọ, ó gba ohùn wọn sínú fóònù. Nígbà tí bàbá náà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ohun tí Kílófàá ń bi wọ́n ni, "Ìtàn Màmá dùn, àbí?" Ọmọ á ní, "Ẹn." "Kò jẹ́ kí ẹ̀rù bà ẹ́, àbí?" "Ẹn."

"O ti bá wọn rún ọ̀rọ̀ náà tán," ni olùkọ́ wí, "wọ́n kàn ń gbé e mì ni. Béèrè, kí o sì panu mọ́."

Kílófàá, kó panu mọ́? Bí ìgbà tí èèyàn ní kí odò jókòó ni.

Ó pe ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti lọ. "Sọ bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn fún mi." Ọmọ náà wo àjà. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kílófàá fi eyín di ètè mú. Èmi gan-an fi èékánná já ara mi nítan kí ọ̀rọ̀ má baà bọ́ lẹ́nu mi.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì wà nínú ìkòkò," ni ọmọ náà wí.

Kílófàá kò mira. "Inú ìkòkò?"

"Tó há sí. Wọ́n pè mí kó tó jáde. Mi ò mọ̀ bóyá ó kú. Ìyẹn ni mò ń sunkún sí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ inú ìtàn mi ló ń wí. Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e ní iná dókítà ló ń ta òun lójú, kò tiẹ̀ rántí ìtàn kankan. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ló ń béèrè bí ìtàn ṣe parí lọ́wọ́ mi, ọ̀kan tiẹ̀ di ìró mi mú.

"Màmá, gígé tí wọ́n ń gé ìtàn kó tó parí ló fà á," ni Kílófàá ń wí, ó ń fò káàkiri yàrá bí ẹni iná jó lẹ́sẹ̀. "Ìtàn ò ṣẹ̀ wọ́n."

Ó bẹ dókítà kó fún un láǹfààní kan sí i. Owó ẹyọ náà ló tún jù, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọn kì í pe ọmọ títí ìtàn á fi parí. Dókítà á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á máa kùn pé ọjọ́ ń lọ, títí òun náà á fi fara ti ògiri, tí á máa gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí náà, nọ́ọ̀sì kò mọ ẹni tó gbọ́ àti ẹni tó ṣeré. Nígbà tí wọ́n ṣírò, àwọn olùgbọ́ ìtàn ló fọkàn balẹ̀ jù, ìyàtọ̀ àárín wọn àti àwọn tó ṣeré kò sì kéré rárá.

"Tìẹ ni yàrá," ni dókítà wí. "Màá wá ibòmíràn fún àga mi."

Mo ti gbé ijó dé ìlẹ̀kùn kí olùkọ́ tó béèrè tiẹ̀: "Báwo la ṣe mọ̀ pé ìtàn ni, tí kì í ṣe ohùn Màmá?"

Mo wo ojú Kílófàá, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè náà ti wọ̀ ọ́ lára.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló máa sọ ìtàn náà."

"Èyí tí ohùn rẹ̀ dà bí ọlọ yẹn?"

"Òun gan-an ni mò ń wá. Bí ìtàn bá ṣiṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, a mọ̀ pé kì í ṣe ohùn yín nìyẹn."

Mo ti ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ náà ní ìtàn báyìí. Kò tíì mọ bí ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú.