Ọjọ́ Tí Sookraj To Igi fún Dulari

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Sookraj fi ń to igi tí àwọn Híńdù fi ń sun òkú wọn létí odò wa ní Trinidad. Òun náà ló ń sọ fún àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa ṣe. Ẹ wọ funfun. Ẹ má dágbére. Ẹni tó bá tiná bọ igi, tí igi náà sì ti gbaná, kó máa lọ, kò gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn, kí òkú má bàa tẹ̀ lé e wálé. Ó ti jágbe mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lórí èyí.

Ìyàwó rẹ̀, Dulari, kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọn ò bímọ tó máa tiná bọ igi fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló to igi náà.

Kesho, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n bá yín tò ó."

"Ìwọ? Èyí tó o tò lóṣù tó kọjá, bí ìtẹ́ adìẹ ló rí."

Kesho rẹ́rìn-ín. Ó wá rántí òkú tó wà nílẹ̀, ó gbé igi kan fún un.

Ohun kan ló ń jẹ Sookraj lọ́kàn. Igi máa ń yẹ̀ bí iná bá mú un. Ẹni tó tò ó ló máa ń dúró láti fi ọ̀pá tì í padà sáyè rẹ̀. Àmọ́ òun tó jẹ́ ọkọ òkú ló máa tiná bọ̀ ọ́ lónìí, kò lè dúró. Bí igi bá yẹ̀, Dulari á hàn síta lójú gbogbo èèyàn.

Ó tiná bọ̀ ọ́. Kò sunkún. Iná jó o lọ́wọ́, kò mọ̀. Nígbà tí iná gba gbogbo igi, àlùfáà Híńdù tó ń ṣètò ìsìnkú náà ní, "Sookraj, ó tó. Máa lọ."

Ó ń lọ. Kò tíì dé títì tó gbọ́ gbì! Igi ló yẹ̀ lápá òsì, níbi ẹsẹ̀ òkú. Etí rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ó dúró. Ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí. Ó fọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n rẹ̀ mú.

"Kesho! Apá òsì!"

"Mo ti rí i, Bàbá!"

"Ọ̀pá tó gùn ni kó o mú! Ti ìsàlẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ tì!"

"Ó gbóná o!"

"Ṣé o rò pé ó máa tutù ni?"

Ó ń gbọ́ bí igi ṣe ń dún bí Kesho ṣe ń tì í. Ọkọ̀ kan kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, ariwo náà dáwọ́ dúró.

"Ṣé ó hàn?"

"Ẹsẹ̀ nìkan, Bàbá. Mo ti bò ó."

"Ó dáa."

Ó rìn lọ sílé láì bojú wẹ̀yìn, ó wẹ̀ lẹ́yìnkùlé kó tó wọlé, ó sì jókòó.