Awò Tí Kò Mọ Idẹ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀gá nìkan ni mo fẹ́ bú: èmi ni mo de awò náà mọ́lẹ̀, èmi ni mo kọjú rẹ̀ sí idẹ. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ibi iṣẹ́ wa wà nígbà náà, létí ọ̀sà. À ń yọ́ idẹ, a sì ń fi da abẹ̀bẹ̀ tí ń ti ọkọ̀ ojú omi lọ. Mo ní sàtífíkéètì kan, mo gbé e kọ́ sára ògiri yàrá mi bí ẹni tó jẹ oyè.

Ìkòyí ni ọ̀gá wa ń gbé. Ó lo oṣù mẹ́fà péré ní Ìlú Ọba, ó gbé àpótí kan bọ̀, ó sì ń fi imú sọ̀rọ̀. Inú àpótí ni awò náà wà, ẹ̀rọ kan tó gùn tó apá, tí a máa ń kọjú rẹ̀ sí nǹkan láti òkèèrè, tí ọwọ́ bíi ti aago á sì tọ́ka sí bí nǹkan náà ṣe gbóná tó. Ọ̀gá ní iṣẹ́ àfojúwò ti parí. Bàbá ló ń bá wí.

Bàbá ni àgbà tí ń da idẹ fún wa, ará Ìjẹ̀bú tí ń gbé Olówógbowó. Bàbá kì í wo ojú idẹ kí wọ́n tó mọ bó ṣe gbóná tó. Páìpù irin kan ni wọ́n ní, tí wọ́n dí ní ìdí, tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ lára kí idẹ gbígbóná má baà jẹ ẹ́. Wọ́n á rì í bọ inú idẹ tó ti yọ́, wọ́n á ní sùúrù, wọ́n á wá ti ẹnu rẹ̀ fi ojú kan wo ìsàlẹ̀ inú rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti pọ́n tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á ní "Bisimilláhì," a ó sì dà á. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ojú idẹ ń dán jù, pé ohun tó bá ń dán tó báyẹn kì í fi ooru inú rẹ̀ hàn. Èmi ni mo máa ń sín wọn jẹ jù lẹ́yìn wọn, mo ń dijú kan wo inú ife ògì mi kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ da abẹ̀bẹ̀ ńlá kan, ọ̀gá sọ lójú gbogbo wa pé awò ni yóò pàṣẹ, pé bí ojú Bàbá bá ta ko awò, kí Bàbá di ẹrù wọn. Iṣẹ́ yìí nìkan ni Bàbá fi ń bọ́ agbo ilé wọn. Bàbá wo páìpù, wọ́n ní idẹ ti tó. Awò ní ó kù púpọ̀. Ọ̀gá ní kí a fẹ́ iná sí i. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi ń rú lójú ìkòkò, tí síńkì, irin kejì tí a pò mọ́ bàbà láti fi ṣe idẹ, ń jó lọ. Afọ́jú pàápàá ì bá mọ̀ pé ó ti gbóná jù. Ọ̀gá tẹjú mọ́ awò, ó ní ó kù díẹ̀.

Nígbà tí a tú yanrìn kúrò lára abẹ̀bẹ̀, ihò wẹẹrẹ ló kún un bí inú àkàrà. Àwọn àgbà ní aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Irọ́ ni. Ọ̀gá kò tẹ́ rárá. Ó ní Bàbá ló dà á, kí Bàbá máa lọ. Bàbá mú páìpù wọn, wọ́n lọ.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà mí tí mo wá ṣí ìwé pélébé tó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí. Ojú ewé àkọ́kọ́, tí àwòrán wà, nìkan ni mo ti kà tẹ́lẹ̀. Ojú ewé kẹrin ní irin tó bá ń dán máa ń tan awò jẹ, awò á máa rí i bí ohun tí kò gbóná tó. Nítorí náà kí a yí bọ́tìnnì ìdí rẹ̀ sí iye tó bá irin náà mu. Èmi kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn rí. Ìwé náà tún ní, tàbí kí a ri páìpù tí a dí nídìí bọ inú irin, kí a kọjú awò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo pa ìwé náà dé.

Mo gbé e fún ọ̀gá. Ó kà á, ó mi orí, ó sì kọ̀wé sí Ìlú Ọba pé kí wọ́n fi páìpù ránṣẹ́. Nígbà tí mo dárúkọ Bàbá, ó ní ìyẹn ti lọ. Páìpù wọkọ̀ ojú omi dé, ó dà bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́, àfi pé kò ní amọ̀ lára. Èmi ni ọ̀gá fún ní iṣẹ́ Bàbá.

Mo lọ sí Olówógbowó, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti iṣẹ́ tí mo gbà. Bàbá béèrè bóyá páìpù tuntun náà ní amọ̀ lára. Mo ní kò ní. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé tiwọn jáde.

"Idẹ á jẹ tiyín," ni wọ́n wí. "Mú eléyìí lọ."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ká ní wọ́n bú mi ni, ara ì bá tù mí.