Àlìkámà Tí A Kó Wá sí Ìsọlọ̀

Àwọn aládùúgbò wa ní Okota rò pé búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Ìyá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló máa ń là á yé wọn: "Àlìkámà tí àrùn ò ní lè pa lọmọ mi ń wá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbin àlìkámà l'Ékòó?

Òótọ́ ni, a kì í gbìn ín síbí. Ilé-iṣẹ́ irúgbìn kékeré kan n'Ísọlọ̀, láàárín àwọn fákítírì, ló gbà mí síṣẹ́. Tí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń lọ sí òkè Ọya, níbi tí a ti yá oko lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ kan. Bàbá náà ti ta àlùbọ́sà rí ní Òṣòdì, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àrùn tó ń dà wá láàmú a máa hù lára ewé bí olú, á pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ọkà á sì fún pọ̀. A máa ń gbé òdòdó irú kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn, a ó gbin ọmọ wọn, a ó wá jẹ́ kí àrùn bá a jà. Èyí tó bá kú, ó kú. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń wo òkú.

Lọ́dún kan, gbogbo oko pọ́n, àfi ebè kan. Mo fọwọ́ ra ewé rẹ̀, ọwọ́ mi mọ́. Bàbá kúnlẹ̀ tì mí. Ó ní, "Madam, ẹ fún mi ní ẹ̀kúnwọ́ kan péré."

Ọ̀gá wa kọ̀ lórí fóònù. "Hóró kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù síbẹ̀. Wọ́n á jí i tà."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. A kó gbogbo rẹ̀ wá sínú yàrá tútù tí a ń tọ́jú irúgbìn sí n'Ísọlọ̀.

Nígbà òjò, iná lọ, kò dé mọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n já jẹnẹrétọ̀ kúrò lára yàrá tútù, kí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì, torí àlejò ń bọ̀ láti òkè òkun.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irúgbìn yẹn á bu."

"Ṣebí ìwọ lo ní àrùn ò lè ràn án?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òórùn rẹ̀ lé wa sẹ́yìn. Irúgbìn ti lẹ̀ mọ́ra, ó ti bu. Mo ṣa díẹ̀ lọ sílé, mo gbìn ín sínú abọ́. Ìyá mi ń bomi rin ín láràárọ̀. Kò hù.

Mo pe bàbá. "Bàbá, ẹ má bínú, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́."

Ó ní, "Mo ti tún oko ṣe dè yín." Láti ọjọ́ náà, kì í gbé ìpè mi mọ́.

Ìṣojú mi ni ọ̀gá ti sọ fáwọn àlejò pé àrùn ló pa àlìkámà wa lóko. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n lé mi.

Ọ́fíìsì kan ní Àjàó Estate ni mo wà báyìí, níbi tí a ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù tó ti òkè òkun dé. Àlìkámà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n máa dúpẹ́ pé mo tètè ríṣẹ́. Mi ò dúpẹ́.